Orúkọ Tí Màmá Ìbejì Kò Dáhùn

Ẹnu Mummy Tọ́lá, nọ́ọ̀sì tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ rẹ̀, Tọ́lá, ń kọ́ iṣẹ́ sọ́fítíwia ní yunifásítì kan ní Downtown, àárín ìlú Atlanta. Ó kọ ètò kan sórí fóònù, kí àwọn tó ní mọ́tò lè máa gbé àwọn àgbà lọ sílé lẹ́yìn ìsìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó, Káyọ̀dé, ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Atlanta níbí, wo fóònù rẹ̀, ó sì kígbe lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì: "Felicia Àjàyí!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ Màmá Ìbejì, àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ yẹn, wà ní ìjókòó, wọ́n ń gbọ́ ọ. Nígbà tí Mummy Tọ́lá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò dáhùn.

"Èmi? Kí ọmọ àná máa ké orúkọ mi bí ẹni ń polówó ọjà? Mo ṣebí Felicia mìíràn ni!"

Mummy Tọ́lá rẹ́rìn-ín tán, ó wá bẹ̀ mí. "Daddy Kẹ́hìndé, ẹ bá mi wo ètò ọmọ yìí. Àpérò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi iṣẹ́ wọn han àwọn ilé-iṣẹ́ ti dé tán. Ibẹ̀ ló fẹ́ ti rí iṣẹ́ ìgbà ooru, kò sì tíì sí ilé-iṣẹ́ tó dá a lóhùn."

Iṣẹ́ yẹn náà ni mò ń ṣe jẹun. Àṣìṣe tó bá sá pamọ́ sínú ètò ni à ń pè ní bọ́ọ̀gì. Mo yẹ ti Tọ́lá wò títí, n kò rí bọ́ọ̀gì kankan.

Tọ́lá ní, "Uncle, orúkọ wọn gan-an ni ètò náà gbé jáde kẹ̀."

"Ṣé ìwọ lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀?"

"Ha! Mummy á pa mí!"

"Kí ló dé tí o wá rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́ tí ìwọ fúnra rẹ ò lè jẹ́?"

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Tọ́lá ti yọ àyè orúkọ àti ti bàbá ẹni kúrò. Ètò náà wá ń béèrè pé: kí ni àwọn èèyàn ń pè yín?

Lọ́jọ́ àpérò, ilé-iṣẹ́ wa rán èmi náà lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Oníkálukú dúró ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn onídàájọ́ lójúkojú. Aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan, bàbá onírùngbọ̀n funfun, ló kan Tọ́lá.

"Ta ni 'Màmá Ìbejì'? Ètò tí kò mọ orúkọ ẹni kò tíì parí."

Tọ́lá wolẹ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ níwájú àgbà. Mo fẹ́ bá a dáhùn, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀. Ìgbà tó yá, ọmọ náà gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ máa ń pe ìyá ìyá yín?"

"Big Mama. Gbogbo àdúgbò ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

"Orúkọ wọn gan-an ńkọ́, sà?"

Bàbá náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọjọ́ ìsìnkú wọn ni mo kọ́kọ́ kà á." Ó tún béèrè: "Bí Big Mama bá wá di méjì ńkọ́?"

"Á béèrè, sà. Big Mama wo? Ìyá ta ni? Àdúgbò wo? Bí a ṣe ń béèrè nílé nìyẹn."

Ẹ̀rín pa bàbá náà. Ó ṣẹ́wọ́ sí ẹnìkejì rẹ̀: "Máa bọ̀, wá gbọ́ tẹni yìí!" Nígbà tí ooru mú, ọ́fíìsì rẹ̀ ni Tọ́lá ti ń ṣiṣẹ́.

Mo fẹ́ fi káàdì ìkíni kú oríire ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ni mo bá di bírò mú, n kò mọ ohun tí mo lè kọ ju "Mummy Tọ́lá" lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, ìyá ọ̀rẹ́ yín tó ń fún yín lóúnjẹ nígbà èwe yín, kí lorúkọ wọn?