Àwòdì, Ẹtu àti Igi Àgbálùmọ̀ Màmá Wa

Ó ṣì ń dùn mí, n kò ní purọ́. Igi àgbálùmọ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Oǹdó. Abẹ́ rẹ̀ ni màmá wa máa ń jókòó sí lọ́sàn-án láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn ún. Àwòdì kọ́ ìtẹ́ sórí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ adìẹ màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dín, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní àwòdì náà ni, òun yóò gé igi náà.

Mo ti àdúgbò Ìjàpó ní Àkúrẹ́, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, wá bẹ̀ ẹ́. Màmá ti ṣe ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe: ó rẹ àwọn ọmọ adìẹ náà láró kí àwòdì má baà dá wọn mọ̀. Gbogbo wọn wá rí bí àkísà àdìrẹ. Síbẹ̀, wọ́n ń dín.

"Tíṣà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "fi gírámà sílẹ̀ ní kíláàsì. Olè ni àwòdì. Wo ẹtu, ẹran jẹ́jẹ́, kì í gba nǹkan ẹnikẹ́ni."

Ẹtu kẹ̀! Inú bí mi débi pé mo rẹ́rìn-ín. Ọdẹ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló jẹ ewé ẹ̀wà màmá tán lóko lọ́dún tó kọjá? Òun fúnra rẹ̀ ló fi ojú ẹsẹ̀ ẹtu hàn wá nílẹ̀. Àwòdì tó ń gbé eku oko lọ kò rí ẹni kí i. Nítorí pé ẹtu dùn lọ́bẹ̀, ó di ọmọlúàbí. A kì í jẹ àwòdì, ló bá di olè. Ìdájọ́ ikùn nìyẹn!

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ àwòdì náà fò kúrò ná."

Ní Sátidé, ó gbé ẹ̀rọ agégi wá. Igi wó. Ọmọ àwòdì méjì já sílẹ̀, wọ́n kú síbẹ̀. Ìyá wọn ń fò yí òkè ilé ká, ó ń ké.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọmọ adìẹ kan tún ti sọnù. Ajá ọdẹ ẹ̀gbọ́n mi jáde láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, ìyẹ́ kéékèèké aláró lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. A ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kó wá wò ó. Ó fọwọ́ pa ajá náà lórí.

"Ajá dáadáa ni," ló wí. "Òun ló ń bá mi lé ẹtu."

Màmá gbé àga rẹ̀, ó ń wá ibòji kiri àgbàlá. Nígbà tí kò rí, ó wọlé.