Kò Fẹ́ Fi Ọwọ́ Òfo Wá

Ẹ má sọ fún mi pé ọmọlúàbí kì í sá fún gbèsè. Ọmọ tí mò ń sọ yìí, ọmọlúàbí pọ́ńbélé ni, ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ gan-an ló sì kó bá wa.

Rumuola là ń gbé. Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, èmi ń ránṣọ. Ọmọbìnrin aládùúgbò wa wọ yunifásítì, ó gba yàrá sí Alakahia. Baba rẹ̀ ti kú, ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù wa ló yá a lówó ilé-ẹ̀kọ́, èmi sì ṣe onídùúró rẹ̀. Bí ayáwó kò bá san, ẹgbẹ́ á di owó tí onídùúró fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn mú. Ṣùgbọ́n bó bá wá sípàdé fúnra rẹ̀, tó ní agbára òun ò gbé e, wọn á dín iye tí yóò máa san lóṣooṣù kù, wọn á sì tú owó onídùúró sílẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ò ju ìyẹn lọ.

Ọmọ náà jáde, kò ríṣẹ́. Ó san díẹ̀, ó dáwọ́ dúró, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Wọ́n di owó mi mú. Mo ṣépè, n ò ní purọ́.

Àìsàn wá dá ọkọ mi dùbúlẹ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, ká kọ́kọ́ sanwó. Mo lọ bẹ alága ẹgbẹ́.

"Ìyá, òfin lòfin. Ẹ ní kó wá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, kó ṣáà wá sọ̀rọ̀."

Mo dé Alakahia. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó wà ní Okrika, ó ń bá wọn yan ẹja tà. Mo fi gbogbo ọ̀rọ̀ alága rán ọ̀rẹ́ náà sí i, mo sì ń retí rẹ̀. Ara ọkọ mi ń burú sí i. Bí mọ́tò bá dúró lẹ́nu géètì wa, màá sáré jáde.

Kò wá. Ọkọ mi kú.

Òkú ṣì wà ní mọ́ṣúárì lọ́jọ́ tó wọlé. Ó kúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá iná, ó gbé ọ̀rá dúdú kan síwájú mi. Gbogbo gbèsè náà ló wà níbẹ̀.

"Mummy, I dey gather am since. Ẹ má bínú."

"Ṣé wọn ò jíṣẹ́ mi ni?"

"Wọ́n jẹ́ ẹ, ma. Ojú ló ń tì mí. Màámi ní wọn kì í fọwọ́ òfo lọ bá àgbà. I no fit come empty."

Inú bí mi. Mo fẹ́ gbá a létí, ẹkún ni mo sun. Ta ló ní kó kó ohunkóhun wá? Ẹnu rẹ̀ nìkan la nílò.

Ó gbé owó náà lọ fẹ́gbẹ́. Wọ́n tú tèmi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Òun ni mo fi ra pósí.