Ọjọ́ Tí Ìyá Tàjú Fi Ara Rẹ̀ Ránṣẹ́ sí Ajégúnlẹ̀

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ìdí iṣẹ́ wéébíìlì ní Ajégúnlẹ̀, Àlhájà tó kọ́ mi níṣẹ́ na báírò kan sí mi, ó ní, "Sìdíkátù, ẹrù la ń gbà níbí, a kì í gba ẹjọ́. Kọ orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, orúkọ ẹni tó máa gbà á, àti nọ́ńbà fóònù. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, ọ̀rọ̀ àwọn àti ẹbí wọn ni."

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa, kó gbọ́. Wéébíìlì ni kí èèyàn tó wà l'Ékòó di ẹrù, kó kọ orúkọ sí i lára, kó fi rán dírẹ́bà sí ìlú rẹ̀, kí àwọn ará ilé lọ gbà á ní gáréèjì. Àwọn ará ilé náà á fi tiwọn ránṣẹ́ padà: èlùbọ́, gààrí, ẹ̀wà, epo pupa. Èmi ni mo wà láàárín. Láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, kò sí ohun tí mi ò tíì rí kí ọmọ fi ránṣẹ́ sí òbí, àfi ara rẹ̀.

Mo ti gba firísà ńlá tí ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá fi rán sí ìyá rẹ̀, ní abúlé tí wọn ò ti rí iná láti ìgbà tí tiransifọ́mà wọn ti jó. Àgbàdo ni ìyá náà ń kó sínú rẹ̀. Ó ní eku ò lè wọ̀ ọ́, òun dúpẹ́. Mo ti gba bàtà tuntun tí obìnrin kan rà fún bàbá rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ òsì ni méjèèjì. Mo pè é kó wá pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀, pé bàbá òun kì í sábà jáde. Ọkùnrin kan sì wà tó fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́, ó tó ilẹ̀kùn, ó wà nínú gíláàsì, pé kí wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀ ìyá òun. Mo bi í bóyá kò ní dáa kóun àti fọ́tò náà jọ lọ. Ó ní ọwọ́ òun dí. Tí ọ̀rọ̀ yẹn bá jẹ́ ẹrù ni, kò sí tírélà tó lè gbé e ní gbogbo Àpápá.

Àwọn mìíràn ní WhatsApp ti tó àwọn. Ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, wọ́n á fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́ sí ìyá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Tí wọ́n bá pe fídíò, ìyá á gbé fóònù sétí, ọmọ á sì máa bá etí sọ̀rọ̀. Oníbàárà mi kan ń yangàn pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lòun ń rí ìyá òun. Ó pè é lójú mi lọ́jọ́ kan. Yẹtí kan ṣoṣo ni mo rí.

Oníbàárà yẹn ni Tàjúdéènì, ọmọ Òkèhò. Fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ńlá, ló ń wà ní yáàdì kan ní Creek Road, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Á gbé kọ̀ǹténà òfìfo bí ẹni gbé àwo ẹyin. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ fún ìyá rẹ̀ ni pé òun ni ọ̀gá yáàdì, pé ilé alájà lòun ń gbé ní Àpápá, tóun bá ṣí fèrèsé, òkun ni. Yàrá kan ló ń gbé l'Ájégúnlẹ̀, lẹ́yìn ilé mi. Tó bá ṣí fèrèsé, gọ́tà ni. Oṣooṣù ló ń fi ẹrù ránṣẹ́: ọṣẹ, mílíìkì, bisikíìtì, aṣọ. Ọdún mẹ́fà, kò délé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, bọ́ọ̀sì Òkèhò dé. Dírẹ́bà wa, Bàbá Kádì, sọ àpò èlùbọ́ méjì kalẹ̀, ó sọ kẹ́ẹ̀gì epo kalẹ̀, ó wá di ìyá arúgbó kan lọ́wọ́ mú sọ̀ kalẹ̀, ó fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Ó na bébà sí mi.

"Ti Tàjú nìyí."

Mo wo bébà náà. Orúkọ Tàjú wà níbẹ̀, àti nọ́ńbà rẹ̀. Níbi tí a máa ń kọ irú ẹrù sí, ẹnì kan ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ìyá.

"Bàbá Kádì, èèyàn mà nìyí."

"Ṣé mi ò rí i ni? Ìyá ní àwọn ò mọ ilé rẹ̀. Wọ́n ní gbogbo ohun táwọn bá fi ránṣẹ́ sí i ló ń dé ọwọ́ rẹ̀, pé kí n fi àwọn náà ránṣẹ́. Kí lo fẹ́ kí n sọ?"

Mo kúnlẹ̀ kí ìyá. Mo pe Tàjú lójú ẹsẹ̀, mo sì tẹ sípíkà kí ìyá lè gbọ́ bí inú ọmọ wọn ṣe máa dùn. Àṣìṣe mi nìyẹn.

"Tàjú, ẹrù ẹ ti dé láti Òkèhò."

"Àǹtí Sìdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ mi dí. Màá wá gbé e lọ́la."

"Eléyìí ò ṣe é gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan o."

"Ṣé ó lè bàjẹ́ ni?"

Ìyá na ọwọ́ bo fóònù náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n rọra sọ pé, "Sọ fún un pé ó ti ń bàjẹ́ tipẹ́."

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Tàjú rẹ́rìn-ín, ó ní á jẹ́ pé iṣu ni, kí n bá òun tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn á ti máa fẹ́ sí i. Ó pa fóònù.

Mo fẹ́ pè é padà, ìyá ní rárá. "Má sọ fún un pé èmi ni. Mo fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí màá fi jẹ́ iṣu."

Mo mú wọn lọ sílé mi. Sọ́ńdè dé, Tàjú ò yọjú. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, fóònù ìyá dún.

"Màmá, ẹ kú ọ̀sán o. Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́. Níbo lo wà?"

"Mo wà nílé ní Àpápá. Mo jókòó sójú fèrèsé, mò ń gba atẹ́gùn òkun."

Bó ṣe sọ ọ́ tán, olóògùn eku kan gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọjá ládùúgbò wa: "Eku ilé, eku oko, gbogbo wọn á kú!" Mo gbọ́ ọ níta, mo tún gbọ́ ọ nínú fóònù. Ìyá wo fèrèsé, wọ́n wo fóònù.

"Kú ìgbádùn," ni wọ́n sọ, wọ́n sì pa á.

Wọ́n bi mí pé ibo gan-an ni Tàjú ń gbé. Mo ní mi ò mọ̀.

"Ìwọ náà mọ irọ́ pa," ni wọ́n wí. Wọn ò bínú. Wọ́n sọ fún mi pé ojú àwọn ń lọ. Ti òsì ti lọ ná, ìdí nìyẹn táwọn fi ń gbé fóònù sétí. Kò sí ohun táwọn lè rí níbẹ̀. Àwọn ní káwọn wá wo ojú ọmọ àwọn kí ti ọ̀tún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ etí ìyá tí mo ti ń fi ṣẹ̀fẹ̀ kiri ṣọ́ọ̀bù wá kan lẹ́nu mi.

"Àwọn òbí tìẹ ńkọ́?" ìyá bi mí.

"Ìyá mi ti kú. Bàbá mi wà ní Ìwó."

"Ìgbà wo lo rí wọn kẹ́yìn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

"Tó bá gba ìrònú, ó ti pẹ́," ni wọ́n wí.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Tàjú wá sí ṣọ́ọ̀bù lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó ti yá bárò tó máa fi gbé iṣu. Ó rí ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ rẹ̀ sì já kúrò lára bárò náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrọ̀fọ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Ká ní o mọ̀ ńkọ́, ìgbà wo lò bá wá?"

Ìyá ní kó dìde. Wọ́n di ojú rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n fà á sún mọ́ ojú ọ̀tún wọn, wọ́n sì wò ó fún ìgbà pípẹ́. "O ti ń hu ewú," ni wọ́n wí. Tàjú bú sẹ́kún láàárín àwọn àpò èlùbọ́. Mo gbé ìwé fún un kó buwọ́ lù ú pé òun ti gbà á, nítorí òfin iṣẹ́ ni. Ó buwọ́ lù ú níbi tó ti ń sunkún.

"Màmá, ilé yẹn… kò sí òkun níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ olóògùn eku. Yàrá tí mo ti bí ẹ kò fẹ̀ tó ibùsùn mẹ́ta. Ta ló sọ fún ẹ pé òkun ni mo wá wò?"

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n lò nínú yàrá Tàjú. Tàjú mú wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ojú òsì ti lọ pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn kan wà tí wọ́n á máa kán sí ti ọ̀tún kó má bàa lọ. Lẹ́yìn tí ìyá padà sí Òkèhò, tí oògùn náà fẹ́ tán, Tàjú gbé òmíràn wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n fi ránṣẹ́. Mo kọ̀ ọ́. Mo ní a kì í gba irú ẹrù yẹn. Ó wò mí, ó sì lọ bá Bàbá Kádì, ó san owó ọkọ̀, ó jókòó síwájú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ títí di òní.

Ṣùgbọ́n kí n má fi Tàjú ṣe yẹ̀yẹ́ nìkan. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá padà sí Òkèhò, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí Ìwó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá."

"Wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù yín?"

"Rárá o. Mo kàn wá kí yín ni."

Wọ́n pe aládùúgbò wọn kó wá wò mí dáadáa, pé mo ní mo kàn wá kí àwọn ni. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣọ́ mi bí ẹni tó ń retí ìròyìn burúkú. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n má fọ abọ́, kí n jókòó, kí n sinmi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gbé búútà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá síbi tí kò yẹ. Bàbá mi bú mọ́ mi. Wọ́n ní bí mo ṣe ń ṣe láti kékeré nìyẹn, pé etí mi kì í gbọ́ràn, pé ṣé bí mo ṣe ń ṣe ilé ọkọ nìyẹn. Mo gbé búútà náà padà sáàyè rẹ̀, mo sì jókòó tì wọ́n. Wọn ò dákẹ́ bọ̀rọ̀. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n dákẹ́. A kì í bá àlejò wí bẹ́ẹ̀.