Ìkíni Tí Mo Gé Kúrò

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Rájábù ọdún yìí, mo parí kíkó gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá Jẹ́dà àti Mẹ́kà kọ sínú kọ̀ǹpútà mi kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé ìlú yìí. Ọdún mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Díìsìkì púpọ̀ ti bàjẹ́. Èyí tí ó ṣeé kà, mo ṣe àdàkọ rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tí ó ṣe é, mo sì lè fi í yangàn.

Pátákó ìkéde ni a ń pè é. Kọ̀ǹpútà kan ni, nínú yàrá mi ní àdúgbò Ruwais ní Jẹ́dà, tí mo so mọ́ okùn tẹlifóònù. Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ yóò pe nọ́ńbà mi, ẹ̀rọ méjèèjì yóò han gooro sí ara wọn, onítọ̀hún yóò ka ohun tí àwọn mìíràn kọ, yóò kọ tirẹ̀, yóò sì jáde kí ẹlòmíràn tó lè wọlé. Ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, n kò tíì gbé ilé tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Mẹ́kà ni ó ń pè jù. Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ará wa tí wọ́n wá ṣe hájì tí wọn kò padà sílé, tí wọn kò sì ní ìkámà, ìwé ìgbélùú, wọn a máa jókòó tì í kí ó bá wọn kọ̀wé sí wa. Nítorí ìbẹ̀rù, ẹnikẹ́ni kì í kọ orúkọ. Ìkíni ni a fi ń dá ara wa mọ̀. Nọ́ọ̀sì kan, onígbàgbọ́ tí ń dá sin Ọlọ́run rẹ̀ nínú yàrá, a máa kí wa kú ọ̀gbẹlẹ̀ jálẹ̀ ọdún, nítorí òjò ṣọ̀wọ́n níbí. Ọ̀rẹ́ mi ní tirẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀: “Ìyá mi kékeré ní kí n kí yín.”

Ṣùgbọ́n ìkíni gùn, ààyè inú díìsìkì kò tó nǹkan. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń gé ìkíni kúrò, kí n fi kókó ọ̀rọ̀ sílẹ̀: yàrá tí ó ṣófo ní àdúgbò Mahjar, bọ́ọ̀sì tí yóò gbé àwọn arìnrìn-àjò hájì láti pápákọ̀ òfurufú. Mo rò pé ilé ni mo ń gbá.

Ọ̀rẹ́ mi ti dolóògbé. Ọmọbìnrin rẹ̀, tí ó ti di olùkọ́ ní Mẹ́kà, gbọ́ nípa iṣẹ́ mi, ó sì pè mí.

“Yá ámmì,” ni ó wí, bí ọmọ Lárúbáwá ṣe ń pe àbúrò bàbá rẹ̀, “mo fẹ́ ka ọ̀rọ̀ bàbá mi.”

Mo wá a. Yàrá, bọ́ọ̀sì, yàrá, bọ́ọ̀sì. N kò lè mọ ẹni tí ó kọ èwo. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa àmì gbogbo wọn rẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi lè pe ọmọ náà padà. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ mi ti lọ. Tẹlifóònù ilé kò sì dún.

Díìsìkì kan ṣoṣo ni ó kù tí n kò gé. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ni. Ó ti kún kí n tó ti ọsibítù dé, mo fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, n kò sì kà á. Nísinsìnyí mo ṣí i, mo sì rí orúkọ tí wọ́n ń pè mí:

“Bàbá alálùmọ́gàjí ti wọ ọsibítù! Ẹ jẹ́ ká kí ara wa yó!”

“Ẹ rọra o, tó bá dé, irùngbọ̀n wa ló kàn.”

Lẹ́yìn èyí: “Ìyá mi kékeré ní kí n kí yín. Eyín rẹ̀ kan ti yọ. Ó ní kí Àlàájì gbádùn kíákíá kó wá wò ó. Mo ní Jẹ́dà jìnnà. Ó ní, ṣé kò sí bọ́ọ̀sì ni?”

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mẹ́kà. Mo jẹ́wọ́ fún ọmọ náà ohun tí mo ṣe kí n tó kà á sí i létí, nítorí Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Yá ámmì, ṣé ẹ wá wò ó?”

“N kò wá.”

“Ẹ tún un kà.”

Mo tún un kà. Lẹ́yìn náà ni mo fa gbogbo àdàkọ náà lé e lọ́wọ́, àti díìsìkì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ṣàábánì.