Pátákó Tí Wọ́n Gbé Kọ́ Ọmọ Lọ́rùn

Òórùn ọ̀dà pupa ló kọ́kọ́ máa ń padà sí mi nímú nígbà tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ dáadáa, oòrùn ọ̀sán sì ti mú kó rọ̀ débi pé ó lẹ̀ mọ́ aṣọ ọmọ náà láyà. Wọ́n fi okùn gbé pátákó kọ́ ọmọbìnrin kan lọ́rùn lẹ́nu géètì ilé-ìwé, wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé olódo ni, nítorí pé ó sọ èdè abínibí rẹ̀. Yorùbá ni èdè abínibí rẹ̀. Arámọkọ ni ìlú tí èyí ti ṣẹlẹ̀, ní ilẹ̀ Èkìtì. Inú ṣì ń bí mi.

Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn mí, àfi kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara rédíò bàbá mi. Jàpáànù ni wọ́n ti ṣe é, àwọn àmì kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà nínú ilé wa, títí kan bàbá mi tó máa ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo dé yunifásítì, mo rí ìwé kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ògbólógbòó ìwé lẹ́nu ọ̀nà, ìwé tí òyìnbó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ láti fi kọ́ni lédè Jàpáànù. Mo rà á. N kò ní olùkọ́, n kò sì ní ẹni tí màá bá sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n tó dé yàrá mi, mo ti di aṣojú ìjọba Nàìjíríà ní Tokyo nínú ọkàn mi. Mo tilẹ̀ ti yan àwọ̀ kóòtù tí màá wọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkíni kan ló ṣẹ́gun mi. Otsukaresama desu ni wọ́n ń pè é. Òǹkọ̀wé náà fi odindi ojú ìwé kan ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ó dàbọ̀, kì í ṣe o ṣeun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pẹ̀lẹ́. Ó ní àdììtú ni, kò sì sí bí ẹni tí kì í ṣe ará Jàpáànù ṣe lè mọ adùn rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Mo há àlàyé náà sórí bí ẹni ń há kátíkísìmù, mo sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ìkíni fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, mo ju ìwé náà sí ìsàlẹ̀ àpótí, mo dojú kọ ìṣirò tí mo torí rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Mo kọ́ni ní ìṣirò ní Ìjerò títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo padà sí Arámọkọ, ìyàwó mi sì fi mí sílẹ̀ lọ sọ́run. Àwọn ọmọ mi ra fóònù ńlá kan fún mi kí àdánìkanwà má baà pa mí. Inú fóònù yẹn ni mo ti tún bá èdè Jàpáànù pàdé. Ní òwúrọ̀, màá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá gbọ́ gbólóhùn kan, màá dá a dúró, màá pè é tẹ̀lé e, màá kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kan mo ń wo fídíò àwọn òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ń tú kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹnì kan ń kọjá lára ẹlòmíràn tó ṣì tẹ̀ ba sórí tábìlì rẹ̀, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, “Otsukaresama desu.” Mo dá fídíò náà dúró. Ìyá mi ni mo rí, ìyá mi tí kì í kọjá lára ẹni tó ń kọ ebè láìdúró sọ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Òun náà nìyẹn! Àdììtú tí òyìnbó fi odindi ojú ìwé wá, ẹ kú iṣẹ́ lásán ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn náà ni inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Kí ló gbé mi gba ìlú òyìnbó lọ sí Jàpáànù, nígbà tí ọ̀nà kan wà tó gba ẹ̀bá oko ìyá mi kọjá?

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti yí bí mo ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ padà. N kò béèrè mọ́ pé kí ni gbólóhùn kan jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo ń bi ara mi pé ìgbà wo ni ìyá mi máa ń sọ irú rẹ̀, ta ló sì máa ń sọ ọ́ fún. Ẹni tó bá wọlé ní Jàpáànù, àwọn ará ilé á sọ fún un pé okaeri, káàbọ̀ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìyẹn? Láàárín oṣù díẹ̀, ohun tí mo mọ̀ ti ju gbogbo ohun tí mo fi ìgbà èwe mi wá lọ.

Ìròyìn yìí dé etí Ìyá Onílé-ìwé. Òun ló ni ilé-ìwé aládàáni tó wà nítòsí ilé mi, èmi ni mo sì kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìjerò. Ó ní kí n wá máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun lédè Jàpáànù lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Kí n tó gbà tán, ó ti kọ ọ́ sára ògiri kí àwọn òbí lè rí i. Mo so táì tí mo ti pa tì, mo lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń wò mí bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ ìta. Ni mo bá bi wọ́n ní Yorùbá pé, “Tí ẹ bá kọjá lára bíríkìlà tó ń mọlé, kí lẹ máa ń sọ?” Gbogbo kíláàsì pariwo, “Ẹ kú iṣẹ́!” Mo ní, “Ó dáa. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Jàpáànù rèé.” Báyìí ni kíláàsì náà ṣe jí. Ìyá Onílé-ìwé yọjú lójú fèrèsé, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan o.” Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. N kò kàn gbà ni.

Ọmọbìnrin tí wọ́n gbé pátákó kọ́ lọ́rùn yẹn, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Ìkọ̀rọ̀ ni, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló ń gbé ní Arámọkọ. Òun ni èdè náà yé jù, ó sì máa ń yà sílé mi lẹ́yìn ilé-ìwé láti kọ́ sí i. Nígbà ìsinmi lọ́jọ́ náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bi í pé kí ni otsukaresama túmọ̀ sí, òun náà dáhùn pé, “Ẹ kú iṣẹ́ ni.” Pùrífẹ́ẹ̀tì, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tó ń ṣọ́ wọn, gbọ́. Bí pátákó ṣe dé ọrùn rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yọ́ wá sọ ọ́ fún mi, nítorí nígbà tí mo bi ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó kàn fi ìka kan pátákó ni. Bó bá sọ Yorùbá sí i, wọ́n á fi kún ìyà rẹ̀, ẹkún kò sì jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì jáde lẹ́nu rẹ̀.

Mo wọ ọ́fíìsì lọ. Ìyá Onílé-ìwé kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. “Ẹ káàsán sà, Bàbá wa. Ẹ kú oòrùn o.”

“Èdè wo lo fi kí mi yẹn?”

“Háà, Bàbá! Ẹ̀yin náà kẹ̀. Ti àwa àgbà kọ́ là ń wí.”

“Kí ni ọmọ tó wà níta yẹn ṣe?”

“Ó sọ fánákúlà, sà.”

“Iṣẹ́ tí mo kọ́ ọ ló ń sọ.”

“Ṣé mo bínú sí Jàpáànù ni? Kó máa sọ Jàpáànù láti àárọ̀ títí di alẹ́, inú mi á dùn. Yorùbá tó fi là á ni n kò fẹ́. Àwọn òbí ò rán ọmọ wá síbí kó wá máa sọ ohun tó ń sọ nílé.”

“Ìwọ ńkọ́? Nígbà tí ìdá ò yé ẹ ní Ìjerò, tó ò ń sunkún, tí mo gé iṣu sí wẹ́wẹ́ níwájú ẹ, èdè wo ni mo fi là á yé ẹ?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ ò lè gbàgbé nǹkan láyé yín! Yorùbá ni, sà. Ṣùgbọ́n ayé ìgbà yẹn nìyẹn.” Ó wá dìde, ojú rẹ̀ le. “Bàbá, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn, tàbí kí ẹ jẹ́ ká wá ẹlòmíràn.”

Mo jáde. Mo bọ́ pátákó náà lọ́rùn ọmọ, mo gbé e kọ́ ọrùn ara mi, mo sì forí lé ọ̀nà ilé. Ọlọ́kadà kan dẹsẹ̀ dúró: “Bàbá, kí lẹ ń tà?” Ẹgbẹ́ mi kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin nara jáde lójú fèrèsé: “Ṣé oyè tuntun tí ìjọ fi ẹ́ jẹ nìyẹn?” Mo dá a lóhùn pé, “Mo sọ Yorùbá ní Arámọkọ ni, wọ́n sì mú mi.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dá sí i lẹ́nu nígbà tó ka ohun tí wọ́n kọ.

Mo rò pé ìlú á gbéra. Kò sẹ́ni tó gbéra. Ẹni kan ṣoṣo tó wá bá mi ni bàbá ọmọ náà, ó gun alùpùpù wá láti Ìkọ̀rọ̀. “Uṣu nìyí, sà,” ó gbé iṣu náà kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. “Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í jagun yín. Èmi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wo ọwọ́ mi. Ẹ jẹ́ kó parí ilé-ìwé yẹn ná.” Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tí ọkọ́ ti sọ di líle. Ó ní kí ọmọ náà má wá sílé mi mọ́, mo sì gbà, nítorí òun ló bí i.

Kò sí kíláàsì mọ́. Pátákó náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi; kò sẹ́ni tó wá béèrè rẹ̀, mo sì gbọ́ pé wọ́n ti kun òmíràn. Àkọlé ara ògiri wọn ṣì ń pariwo pé wọ́n ń kọ́ èdè Jàpáànù. Èmi ṣì ń kọ́ tèmi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde nílé-ìwé, wọ́n á kọjá níwájú ilé mi nínú aṣọ ilé-ìwé wọn, pùrífẹ́ẹ̀tì á wà láàárín wọn, etí rẹ̀ á là sílẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù kì í kí mi. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe lè fi Gẹ̀ẹ́sì kí bàbá arúgbó tó jókòó ti fóònù àti kàlẹ́ńdà rẹ̀. Ọmọbìnrin náà nìkan ló máa ń dúró. Á tẹ orúnkún rẹ̀ díẹ̀, á ní, “Otsukaresama desu,” pùrífẹ́ẹ̀tì á sì máa wò ó lẹ́nu, nítorí òfin kò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

Ọmọ Èkìtì ni, ní àárín Èkìtì, òkè òkun ló ti lọ yá ẹnu tó fi ń kí àgbàlagbà. Nígbà mìíràn inú mi á dùn, nígbà mìíràn inú á bí mi. Màá dá a lóhùn sókè pé, “Okaeri,” kí gbogbo wọn lè gbọ́. Tó bá ti wá kọjá ìdí máńgòrò, níbi tí ohùn mi kò lè kó bá a, màá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bó ṣe yẹ kí n sọ ọ́: káàbọ̀, ọmọ mi.