Ajá Tí Ó Bá Ìyá Ráfíù Ṣe Opó

Òórùn iṣu ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kì í ṣe iṣu sísè, iṣu tútù ni, tí erùpẹ̀ oko ṣì wà lára rẹ̀, tí wọ́n tò sínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí a háyà ní àdúgbò Basin, ní Ìlọrin. Ní àárọ̀ ọyẹ́, òórùn náà a máa rọra jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, a dà pọ̀ mọ́ òórùn kẹrosíìnì inú sítóòfù ìyá mi. Bí mo bá di ojú mi báyìí, mo tún lè gbọ́ ọ.

Bàbá Ráfíù tó ni iṣu náà ti kú nígbà náà. Iṣu ni ó ń tà ní ọjà Ipata, òun náà ni ó sì kọ́ ilé tí a ń gbé. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ráfíù, wà nínú opó. Bí àwọn mùsùlùmí ṣe ń ṣe é ládùúgbò wa, kò gbọdọ̀ kọjá géètì títí opó náà yóò fi pé. Ráfíù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kàdúná. Bí bàbá mi bá ti lọ sí ọ́fíìsì láàárọ̀, tí èmi àti ìyá mi bá ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, Ìyá Ráfíù nìkan ni ó máa ń kù sílé. Òun àti Ìfura.

Ìfura ni ajá bàbá bàbá mi, tí ó jẹ́ àgbẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán. Nígbà ọyẹ́ yẹn kan náà ni bàbá àgbà kú. Ajá náà dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wọn, kò jẹ, kò mu. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí ń sunkún. Nígbà tí a ń padà bọ̀ láti ibi ìsìnkú, ó gbé ajá náà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ìlọrin. Ìyá mi kàn ń wò ó. "Ohun tí bàbá ẹni bá fi sílẹ̀," bàbá mi wí nígbà tí a wọlé, "a kì í ṣa èyí tó wuni nínú rẹ̀."

Ìfura kì í bu èèyàn jẹ. Ó pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ kan ti ya. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti rí ojú ẹnì kan nínú wa, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá ti mú àgádágodo báyìí, ara Ìfura á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Bí a bá sì ti pa géètì dé, á na ọrùn sókè, á figbe ta. Kì í ṣe gbígbó. Igbe gígùn ni, bí ìgbà tí èèyàn ń pe ẹni tó wà lódìkejì odò. A ó máa gbọ́ ọ títí a ó fi dé oríta. Ó fi èékánná ha ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn wa títí pákó rẹ̀ fi funfun.

A ṣe gbogbo ohun tí a mọ̀. Bàbá mi so ó mọ́lẹ̀, ó fi eyín já okùn. Ìyá mi fún un ní orí ẹja, kò wò ó. Ní tèmi, mo rò pé nítorí pé a kò dágbére fún un dáadáa ni. Nítorí náà, ní àràárọ̀, mo máa ń lóṣòó tì í, n ó di orí rẹ̀ mú, n ó sọ ibi tí à ń lọ fún un, n ó ní kó má sunkún, pé a ó tètè dé, títí ìyá mi yóò fi pariwo pè mí láti ẹnu géètì. Ńṣe ni igbe náà ń le sí i.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Alhájì wá. Àbúrò Bàbá Ráfíù ni, òun ni ó ń bójú tó ilé náà. Ó dúró lókèèrè kí ajá má baà kan aṣọ funfun rẹ̀, ó kọjú sí bàbá mi.

"Bàbá Dúpẹ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín o. Ṣùgbọ́n ajá kì í hu nínú ilé tí òkú ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Aládùúgbò ń sọ pé ó ń rí nǹkan. Ẹ bá mi mú un kúrò."

Bàbá mi wolẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló wà tí a lè mú un lọ, ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ní Ọ̀mù-Àrán, àwọn yẹn sì ti ránṣẹ́ pé ọkùnrin kan ń béèrè rẹ̀ láti rà. Gbogbo wa mọ irú ẹni tó ń ra ajá àgbà, a sì mọ̀ pé kì í ṣe fún ṣíṣọ́ ilé.

Ohùn Ìyá Ráfíù jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. "Alhájì, ta ló sọ fún yín pé ó ń yọ mí lẹ́nu?"

"Ìyàwó wa, etí wa la fi gbọ́."

"Etí tiyín nìyẹn. Èmi tí mo wà nílé kò tíì fẹjọ́ sùn. Ẹ jẹ́ kó wà títí n ó fi jáde opó."

Alhájì ka tẹ̀súbáà rẹ̀ díẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn kan sí i. Ní ọjọ́ tí Ìyá Ráfíù bá jáde, tí ilé bá ṣófo, òun fúnra òun yóò wá gbọ́. Bí ajá bá figbe ta, ọkọ̀ ọjọ́ náà ni yóò bá lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Lójú mi, ó dà bí ẹni pé èmi ni wọ́n fẹ́ tà.

Nígbà tí a gba ìsinmi Àjíǹde, Ìyá Ráfíù pè mí. Ó jókòó sórí ẹní rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ti fi èédú fa ìlà kan sórí sìmẹ́ńtì níwájú ẹní náà.

"Ibí ni tèmi, ọ̀hún ni ti ajá yín," ó wí. "Itọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan aṣọ tí mo fi ń kírun."

Ìfura dùbúlẹ̀ sódìkejì ìlà, ó kọjú sí yàrá iṣu.

"Ta ló kú fún un?"

"Bàbá wa àgbà ni, mà."

"Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe?"

"Àgbẹ̀ ni wọ́n. Iṣu ni wọ́n ń gbìn."

Ó wo ilẹ̀kùn yàrá iṣu, ó wá wo ajá náà títí. "Inná lilláhi," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Opó lòun náà wà."

Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń kọ́ mi. Ó ní ìró àgádágodo ni ó ń ba ajá náà lẹ́rù, pé òun mọ̀, nítorí ìró yẹn ni òun gbọ́ kẹ́yìn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọkọ òun jáde. Ó ní kí n máa mú àgádágodo kí n má sì lọ síbì kankan. Mo ń ṣí i, mo ń pa á dé, bí mo ṣe ń bó ẹ̀gúsí lọ. Mo wọ bàtà, mo jókòó jẹ ẹ̀wà. Mo gbé báàgì ilé ìwé kọ́ apá, mo tún gbé e kalẹ̀. Ìfura á gbọ̀n, á wò mí, á tún gbé orí lé ẹsẹ̀. Nígbà tí kò náání rẹ̀ mọ́, Ìyá Ráfíù ní kí n dé géètì kí n padà. Lẹ́yìn náà ẹ̀yìn géètì, lẹ́yìn náà ibi ẹ̀rọ omi, lẹ́yìn náà oríta.

"Má kí i. Bí o bá ti ń kí i, o ń sọ fún un pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀ ni."

Bí mo bá ti jáde, n ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà: "Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀." Nínú ọkàn mi, gbogbo ìsinmi yẹn ti di ọ̀sán gígùn kan ṣoṣo, ooru tó ṣáájú òjò, páànù tó ń dún tá-tá lókè, àti ohùn yẹn.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí ó ti ọjà dé, tí ó rí wa. "Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Ìyá Ráfíù fi ọwọ́ di etí. "Ìyá Dúpẹ́! Ajá kò tó yín, ẹ tún fẹ́ kó ẹlẹ́dẹ̀ wọlé tọ̀ mí?" Ó sì bú sẹ́rìn-ín. A kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ti oríta dé, mo bá a lórí ìdúró, ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri, tí ó ń wo géètì. "Ṣé èrò pọ̀ lójú ọ̀nà?" ó bi mí. Mo ní wọ́n pọ̀. Ó tún jókòó. Mo rò pé ọjà ni ó ń béèrè, n kò mọ̀ pé ìjáde tirẹ̀ ni.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí opó náà pé. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tuntun, ó ní Ipata ni òun ń lọ, ibi ìsọ̀ ọkọ òun. Ó fi ẹní rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ó wà. Gbogbo wa jáde, a kò kí Ìfura, ìyá mi sì ti géètì. Ìyá Ráfíù kò bojú wẹ̀yìn. Alhájì ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Bàbá mi kò lọ sí ọ́fíìsì. Ó dúró sábẹ́ igi lódìkejì títì, ó ṣe bí ẹni ń retí ọkọ̀. Mo fi ojú sí ihò ara géètì.

"Kí ló ń ṣe?" Alhájì béèrè.

"Ó dìde, sà. Ó ń bọ̀ níbi géètì."

Ìró tẹ̀súbáà dáwọ́ dúró.

"Ó na ọrùn sókè. Ó yán. Ó ń padà. Ó ti kọjá ìlà, sà."

"Ìlà wo?"

"Ó ti dùbúlẹ̀ sórí ẹní Ìyá Ráfíù."

Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Alhájì dìde, ó gbọn ẹ̀yìn agbádá rẹ̀.

"Fọ ẹní yẹn dáadáa kí ìyàwó wa tó dé," ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wo òdìkejì títì, bàbá mi ti kọjú sí igi.

Ọ̀dọ̀ wa ni Ìfura darúgbó sí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni ó kú sí. Èmi náà ti di ìyá ọlọ́mọ. Láìpẹ́ yìí ni àbíkẹ́yìn mi wọlé sí yunifásítì ní Malete. Kò jìnnà, bọ́ọ̀sì kan ni, síbẹ̀ ó padà wọlé lẹ́ẹ̀mejì láti dágbére fún mi. Mo ní, "Máa lọ," mo sì gbọ́ ìró géètì.

Ọmọbìnrin kékeré tí mo jẹ́ nígbà náà, tó ń ti oríta sáré padà bọ̀, rò pé òun ni òun kọ́ ajá. Àlọ àti àbọ̀ ni ó mọ̀. Kò mọ iṣẹ́ tí ẹni tó jókòó sórí ẹní ń ṣe. Mo gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo da ẹ̀wà sínú atẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣà á. Ilé parọ́rọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ẹnu mi ń sọ ọ́, jẹ́ẹ́jẹ́: "Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀."