Ilé Tí Bàbá Mi Kọ̀ Láti Tú

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni bàbá mi tú ilé rẹ̀ lójú mi. Ní Abereke létí òkun, níbi tí wọ́n bí mi sí, ilé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan kó wá máa gbé inú rẹ̀ títí ayé. Orí òpó la ń kọ́ ọ sí. Pákó ni ògiri, pákó ni ilẹ̀, páànù ni òrùlé. Tí òkun bá ti sún mọ́ wa jù, a ó ṣí páànù, a ó tú pákó lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó yọ ìṣó tó ṣì dára, a ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀, a ó sì lọ fi igi kan náà kọ́ ilé sẹ́yìn. Mi ò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà tí mo kọ́kọ́ bá wọn ṣa ìṣó sínú agolo. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìgbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ gíga lókè, tí mo bá ọmọ ọmọ nínú ilé tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́, ẹnu yà mí.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, bàbá mi ti darúgbó, kò lọ sójú omi mọ́. Ìyá mi ti kú. Ohun tí bàbá mi ń fẹ́ kò pọ̀: ó fẹ́ kú sínú ilé tí òun fi ọwọ́ ara òun kàn. Àbúrò mi obìnrin, tó wà nílé ọkọ ní Igbókọ̀dá, bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa bá àwọn gbé. Bàbá ní ọmọ náà ṣeun, ṣùgbọ́n òun ò ní lọ kú sílé àna òun. Tó bá di pé òkun tún dé, òun á tú ilé òun, òun á sún sẹ́yìn bí òun ti máa ń ṣe.

Àárín ìgbà yẹn ni ìwé ìpè mi dé. Yunifásítì kan nílùú òyìnbó ló kọ ọ́, irú èyí tó jẹ́ pé tí o bá dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, wọn á kọ́kọ́ dákẹ́ ná kí wọ́n tó kí ọ kú oríire. Ọ̀rọ̀ etíkun ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fẹ́ kí n wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ àwọn, kí n sọ bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ wa. Inú mi dùn débi pé orin ni mò ń kọ lọ sí ọ́fíìsì. N kò ní purọ́ pé nítorí àwọn ará ilé ni inú mi ṣe dùn. Nítorí ara mi ni.

Mo lọ dágbére fún bàbá mi. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lọ́hùn-ún. Mo ní mo fẹ́ lọ sọ ohun tí òkun ń ṣe sí wa fún wọn. Ó rò ó díẹ̀, ó wá bi mí bóyá àwọn ni wọ́n máa wá bá wa dí i. Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Ó yẹ kí n sọ pé olùkọ́ bí èmi ni wọ́n, pé ọ̀rọ̀ la máa bá ara wa sọ, tí a bá sọ ọ́ tán a óò jẹun. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò ti pé sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí ìlú rán níṣẹ́, ìwò náà sì dùn mọ́ mi. Mo ní àwọn ẹni ńlá máa ń fetí sí wọn. Kí n tó wọ ọkọ̀ padà, ọ̀rọ̀ ti yí dà: ọmọ wọn ń lọ bá òyìnbó sọ ọ́ kí wọ́n wá dí òkun. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìlú òyìnbó náà dára. Odò kan gba àárín yunifásítì yẹn kọjá, odò tí ọmọ Abereke lè fi ọkọ̀ kékeré sọdá kó tó parí orin kan. Wọ́n ti fi òkúta gbígbẹ́ tò ó lọ́tùn-ún lósì, ó ti pẹ́ débi pé kò sí ẹni tó rántí ẹni tó ṣe é. Odò yẹn ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan rí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró létí rẹ̀, inú bí mi bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Lọ́jọ́ kejì mo ya fọ́tò níbẹ̀.

Àsọyé tí wọ́n pè mí fún lọ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mi ò tíì pé nígbà tí ọ̀gá ẹ̀ka náà wá sọ fún mi pé àwọn fẹ́ kí n fi oṣù kan kún un, kí n sọ òmíràn nínú gbọ̀ngàn ńlá, níbi tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ máa pé sí. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo fi ní mo gbà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àbúrò mi pè mí. Ó ní ọ̀dọ̀ Bàbá lòun wà, òkun ti dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti tú ilé wọn, wọ́n ti sún. Bàbá nìkan ló kù, ó sì kọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìṣó kan. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá ní ẹ wà lójú omi."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Ní agbo ilé wa, tí ẹnì kan nínú ẹbí bá lọ sójú òkun, a kì í tú ilé títí yóò fi dé. Àwọn baba wa ní ẹni tó ń bọ̀ láti ojú òkun, ilé rẹ̀ ló ń wò bọ̀. Tó bá wò ó tí kò rí i, yóò rò pé òun kò tíì dé, yóò sì máa tukọ̀ lọ. Ẹni tó bá tú ilé kó tó dé, òun ló lé e padà sínú omi. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Kò kàn sọ sí mi lọ́kàn pé èmi tí mo wọ bàlúù, tí mo jẹ ìrẹsì lójú ọ̀run, tí mo sì sùn dé ìlú òyìnbó, èmi náà wà lójú omi. Lójú bàbá mi, òkun kan náà ni, mo sì wà lódì kejì rẹ̀.

Àbúrò mi ní kí n bá a sọ̀rọ̀, pé bó bá ti ẹnu mi jáde, á gbà. Ó gbé fóònù fún un. Mo ní kó jọ̀ọ́ tú ilé, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni mo wà, nínú yàrá tó ní fèrèsé. Ó gbọ́ mi délẹ̀. Ó wá ní, "Ọma mi, ibo lo máa gbà ghá ulí?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Òkun náà ni mo máa gbà wá sílé. Ó bi mí pé ìgbà wo. Mo ní ó kù díẹ̀. Mi ò sọ pé wọ́n ti fi oṣù kan kún un, pé mo sì ti gbà. Ó ní ó dáa. Ó ní, "A dúró dè ọ́."

Ọjọ́ yẹn ni mo lè pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì mi. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀, n kò rí àwíjàre kankan. Kò sí ẹni tó dì mí lọ́wọ́. Gbọ̀ngàn ńlá ni mo fẹ́.

Ohun tó tún wá burú ni pé mo sọ ọ̀rọ̀ náà nídìí oúnjẹ. Wọ́n pè mí síbi àsè àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, níbi tí wọ́n ti ń wọ ẹ̀wù dúdú jẹun lórí tábìlì tó gùn bí ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n ní kí n sọ nǹkan kan nípa ilé, mo sì fi bàbá mi pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo ṣe ohùn rẹ̀. Mo sọ bó ṣe jókòó sínú ilé tí òkun ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń dúró de ọmọ tó wọ bàlúù. Wọ́n rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́, obìnrin kan tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá arúgbó kan tó jókòó tì mí kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí ìgbà tí mò ń lọ sílé. Mo ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìbínú rẹ̀ dé ọkàn mi, ṣùgbọ́n mo ní kí ló kàn án.

Òkun mú ilé náà nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n sọ àsọyé mi. Ọ̀sán gangan ni. Àwọn aládùúgbò ló wọ Bàbá jáde sínú ọkọ̀. Àbúrò mi fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: òpó mẹ́rin nínú omi, kò sí pákó, kò sí páànù, ẹ̀yìn bàbá mi sì hàn nínú ọkọ̀ aládùúgbò. Tí pákó bá lọ, ilé lọ nìyẹn. Kò sí ohun tí ènìyàn máa kó sẹ́yìn lọ kọ́. Mo sunkún nínú yàrá mi títí ojú mi fi wú.

Lẹ́yìn náà mo fi fọ́tò yẹn sínú àsọyé mi. Mo fi ṣe àwòrán tó gbẹ̀yìn. Mo ní, ilé bàbá mi nìyí, ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó jókòó. Mo tẹrí ba. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì tíì sí láti ìgbà yẹn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, lọ́jọ́ yẹn àbámọ̀ ò tíì dé. Orí mi wú.

Ilé àna rẹ̀ náà ni bàbá mi kú sí, ọdún kan ò pé lẹ́yìn náà. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa níbẹ̀. Kì í sùn síbi tí wọ́n bá tẹ́ ẹní sí fún un. Ara ògiri ló máa ń lọ, á gbé ọwọ́ lé bíríkì bí ẹni tó ń wá ojú ìṣó. Síbẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ikú rẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ọjọ́ tí mo dé ni.

Ó jókòó sórí àga rọ́bà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àbúrò mi. Mo kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní mo kú ewu òkun. Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú rẹ̀. Mo ti ro gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo máa bẹ̀ láti inú bàlúù wá. Kò bínú, kò mẹ́nu ba ilé rárá. Ó ní kí wọ́n fún mi lóúnjẹ, ó sì dúró títí mo fi jẹun tán, nítorí a kì í béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa. Ó wá sún àga rẹ̀ mọ́ mi.

"Ṣé ghan gbọ́?" Bí a ṣe ń pe "wọ́n" lọ́dọ̀ wa nìyẹn, ahọ́n tèmi ti gbàgbé rẹ̀ tipẹ́.

Mo ní wọ́n gbọ́.

"Kí ni ghan ṣe?"

Mo wá irọ́ kan tí mo lè pa. Ojú rẹ̀ wà lójú mi, n kò rí irọ́ kankan pa.

"Wọ́n pàtẹ́wọ́, Bàbá. Gbogbo wọn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́."

Ó mi orí. Ó ń wò mí, ó ń dúró de ìyókù, bí a ti ń dúró fún ẹni tó ń mí kó tó jíṣẹ́ tán. Nígbà tó rí i pé kò sí ìyókù, ó gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Ghan ṣeun," ló wí.